Pọ́n-ùn Méjì Tí Mo Fi Kún Ọmọ Ọlọ́mọ

Ọjọ́rú, 22 oṣù kejì

Ọjọ́rú Eléérú. Eérú ṣì wà níwájú orí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Òtútù wọlé láti àríwá láàárọ̀, gbogbo òdòdó igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ló gbọ̀n dà sílẹ̀. Ẹyin méjìlá ti di dọ́là márùn-ún.

Ìyá mọ́kànlá ló wá sí kíláàsì àwọn ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ tí mò ń darí fún kílíníìkì ní gbọ̀ngàn ìjọ. A ti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹjọ, lẹ́yìn náà a gun òṣùwọ̀n. Àwọn ló gùn ún o, èmi kọ́. Yadira fi pọ́n-ùn kan fúyẹ́, ló bá ń fò sókè títí omi ọyàn fi rin aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, kí ọkọ mi lè kà á láti òpópónà!"

Fọ́tò mi ṣì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, òun ni ẹni tó bá wọlé ń kọ́kọ́ rí. "Ofelia, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, pọ́n-ùn 148." Ìwọ̀n yẹn, òótọ́ ni lọ́jọ́ náà. Ikùn yẹn ni kì í ṣe òótọ́. Ọ̀já ikùn oníkọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún ni mo dì sábẹ́ aṣọ, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà mi, Yadira ló bá mi wọ̀ ọ́, ó rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Mo ṣì ń dì í lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú.

Àbámẹ́ta, 25 oṣù kejì

Nereida, ọmọ ìjọ wa kan tó ti rí fọ́tò mi ní gbọ̀ngàn, pè mí lórí fóònù, ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó sá pamọ́ sí ilé ìwẹ̀. Ilé ìwẹ̀ náà ló sì wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó bí Fermín, ó ṣì wà nínú ogójì ọjọ́ rẹ̀ nílé ìyá ọkọ: kò gbọdọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi tútù, kò gbọdọ̀ fọ irun. Toño ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ epo, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ọmọ lọ sí kílíníìkì, ọmọ wọ̀n pọ́n-ùn méje nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ tí ikùn yín fi rí báyẹn? Ẹ má fi pa mọ́ fún mi o. Mo ti wọ̀n 180. Atole ni màmá ń fún mi láàárọ̀, atole lọ́sàn-án, atole lálẹ́, àgbàdo àti mílíìkì àti ṣúgà. Ó ní òun ló ń mú ọyàn wá. Ikùn nìkan ló ń mú wá fún mi."

Iṣẹ́ mi ni láti sọ fún un pé kó máa jẹun rẹ̀, pé kò sí ẹni tó ń dín ara kù ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pé ọmọ ló kọ́kọ́ kàn. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí, èmi ni mò ń fi kọ́ àwọn yòókù. Àmọ́ bó ṣe ń bẹ̀ mí yẹn dùn mọ́ mi. Mo ní, "Mo pa atole tì. Mo pa búrẹ́dì tortilla tì. Ṣúgà lásán ni, àbúrò."

Mo sì ti mu ife atole kan kí n tó gbé fóònù yẹn.

Ó ní, "Ó ti tán. Ẹ̀jẹ́ Lẹ́ńtì mi nìyẹn. Títí di Àjíǹde, mi ò ní fẹnu kan atole, mi ò ní fẹnu kan tortilla. Mo ṣèlérí fún Wúńdíá."

Mo ní kí Ọlọ́run bá a ṣe é.

Ẹtì, 3 oṣù kẹta

Mo se búrẹ́dì aládùn ti Lẹ́ńtì fún ilé, pẹ̀lú wàràkàṣì àti èso gbígbẹ. Abọ́ méjì ni mo jẹ lórí ìdúró, nídìí sítóòfù, kí n má bàa kà á sí oúnjẹ.

Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹta

Yadira fọwọ́ gbá mi níkùn bí mo ṣe ń pín ìwé. Ó dún kò.

"Háà! Tíṣà! Kí ló le tó báyìí? Irin lo gbé mì?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní eré ìdárayá ni, pé kí wọ́n máa dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láràárọ̀. Ìyá kan fa báírò yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà Kérésìmesì ni mi ò ti gun òṣùwọ̀n, mi ò sì fẹ́ gùn ún.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹta

Ooru ti dé. Priscila, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá wa, ní kí n lọ bẹ àwọn tó ṣì wà nínú ogójì ọjọ́ wò nílé. Òṣùwọ̀n ọmọ kì í kúrò ní kílíníìkì, torí náà òṣùwọ̀n àgbàlagbà ni mo gbé lọ. Ìyá á gbé ọmọ gùn ún, á tún dá gùn ún, a ó yọ èyí kúrò nínú èyí.

Màmá Herminia, ìyá ọkọ Nereida, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ilé gbóná bí ààrò, gbogbo fèrèsé ló tì kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ inú egungun ìyàwó. Nereida jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìborùn lórí. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo ní kó dìde ká wọ̀n, ó dìde, ó di ògiri mú. Òyì ń kọ́ ọ.

Màmá Herminia ní, "Jẹ́ kó jókòó jàre. Orúnkún tèmi náà ò gbà. Ìwọ gbé ọmọ, ṣebí ìwọ lo mọ iṣẹ́ yín."

Mo gbé Fermín gùn ún. 157 àti ààbọ̀. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó kù kí n dá gùn ún. Màmá Herminia ti fi ìgò ojú rẹ̀ sójú, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú òṣùwọ̀n bí ẹni fẹ́ ka Bíbélì. Nereida ń wò mí látorí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ikùn mi.

Mo ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Màmá. Mo mọ ìwọ̀n ara mi. 148 ni."

Ọmọ di 9 àti ààbọ̀. Màmá Herminia pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọmọkùnrin! Atole mi nìyẹn o! Nereida, ṣó o gbọ́?" Nereida gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí ilẹ̀.

Nígbà tí mo ń gbé òṣùwọ̀n jáde, mo rí ajá wọn lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ funfun, ó ń lá ilẹ̀. Ajá náà ti sanra. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọmọ yẹn sì fúyẹ́ léjìká mi, mo fẹ́ kọ òótọ́ níbí ó kéré tán. Ó fúyẹ́. Mo kọ 9 àti ààbọ̀ sínú káàdì rẹ̀, mo buwọ́ lù ú.

Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹta



Ogójì ọjọ́ Nereida pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, lónìí ó gbé ọmọ wá sí kílíníìkì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Priscila tú ọmọ síhòòhò, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n ọmọ. 7 àti ààbọ̀. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó tún gbé e. 7 àti ààbọ̀. Ó wo káàdì, ó wo ibi tí mo buwọ́ lù.

"Pọ́n-ùn méjì ní ọjọ́ mẹ́jọ? Ṣé ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ni? Ó ń bì?"

Nereida ní rárá.

"Kí ló wá ṣe é?"

"Mi ò mọ̀. Mo ń fún un lọ́yàn. Ó ń sunkún, mo sì ń fún un."

Dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Herminia di aṣọ Nereida mú. "Kí lo fi ọmọ ọmọ mi ṣe? Ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn ọmọ yìí ń dán! Kí lo fi ṣe?" Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́. Ó ní ọyàn òun ti ń gbẹ. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì lòun ti ń da atole fún ajá láti ojú fèrèsé. Màmá Herminia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn, ó káwọ́ lérí.

Nereida kò dárúkọ mi. Kò tiẹ̀ wojú mi. Èmi ni mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé inú mọ́tò.

Ọjọ́rú, 22 oṣù kẹta

Mo gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an. 150.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo tún gùn ún. Mo gbé e kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sórí símẹ́ńtì. 150.

Kò sí ohun tó jẹ pọ́n-ùn méjì lára ọmọ náà. Kò fìgbà kan ní in. Lára mi ló wà. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, àpò ẹ̀wà gbígbẹ kan wà níbẹ̀, pọ́n-ùn méjì ni wọ́n kọ sí i lára. Mo gbé e dání. Kò tó nǹkan kan, ẹ̀wà tí a ó sè lẹ́ẹ̀kan. Ká ní mo gbà kí ojú tì mí lọ́jọ́ náà níwájú obìnrin méjì, wọ́n á ti rí i pé ààbọ̀ pọ́n-ùn péré ni ọmọ fi kún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ì bá ti gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ebi kún ebi rẹ̀.

Mo di ọ̀já mi, mo lọ kọ́ àwọn ìyá ní ẹ̀kọ́ wọn. Ojú mi le tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kẹta

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ti gún un ní gìgísẹ̀. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀. Priscila ní wọ́n ń wá àìsàn tó lè yọ pọ́n-ùn méjì lára ọmọ ní ọjọ́ mẹ́jọ, wọn ò tíì rí i. Wọn ò lè rí i. Èmi nìkan ló mọ ibi tó wà, mo sì ń gé èèkánná mi jẹ.

Ẹtì, 24 oṣù kẹta

Ọ̀rọ̀ ti kọjá àyè rẹ̀. Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọmọdé, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó ń bi Nereida bóyá ó máa ń fi ọmọ sílẹ̀ nílé lóun nìkan. Bóyá inú máa ń bí i sí ọmọ. Bóyá ìbátan kan wà tó lè gba ọmọ tọ́jú fún ìgbà díẹ̀.

Nereida pè mí. Ẹkún ò jẹ́ kí n gbọ́ ìdajì. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ gba ọmọ mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́, ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n."

Mo ní, "Màá gbìyànjú."

Màá gbìyànjú! Bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ bá wọn wá tábìlì yá.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù kẹta

Wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀ ní ọsibítù lánàá, ó ń mu mílíìkì inú ìgò kún ọyàn. Obìnrin ìjọba yóò wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì láti wá pinnu.

Lẹ́yìn Máàsì, lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, Yadira fa ọwọ́ mi. "O ti gbọ́ ti Nereida? Wọ́n ní ó febi pa ọmọ torí ẹwà. Tí mo bá jẹ́ Màmá Herminia, mo ti lé e jáde." Àwọn mẹ́ta mìíràn dá sí i. Kò sí ohun tó burú tí wọn ò sọ.

Mo ní ká máa fi wọ́n sádùúrà.

Mo bọ́ sínú mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi ọwọ́ gbá ara mi lẹ́nu. Ọmọ mi tó jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù kẹta

Mo lọ.

Màmá Herminia ń ro atole lórí iná. Kò béèrè ohun tí mo wá ṣe, ó bu ife kan fún mi, mo sì gbà á, torí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò nìyẹn. Mo mu ún dé ìdajì kí n tó lè sọ̀rọ̀. Nereida wà lórí àga pẹ̀lú ọmọ láyà. Ọkọ rẹ̀ ti wálé, ó ti padà. Nereida ní kò bá òun sọ̀rọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ.

Mo ní, "Ọmọ yìí ò pàdánù pọ́n-ùn méjì. Lọ́jọ́ tí mo wá, 7 àti ààbọ̀ ló wọ̀n. Irọ́ ni mo pa nípa ìwọ̀n ara mi."

Kò yé wọn. Mo ní láti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, bí ọmọ ilé ìwé tó ṣi ìṣirò ṣe. Mo sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé mo ti sanra láti ìgbà Kérésìmesì. Mo sọ ti ọ̀já náà. Ojú tì mí débi pé mò ń bá ife ọwọ́ mi sọ̀rọ̀.

Màmá Herminia pa iná. Ó ní, "Gbé ife yẹn sílẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀.

Nereida ní, "Atole ńkọ́? Tó o ní o pa tì?"

"Mi ò pa á tì rí. Àràárọ̀ ni mò ń mu ún."

Ó rẹ́rìn-ín kan tí mi ò ní gbàgbé láéláé. "Ọjọ́ mẹ́fà lobìnrin yìí fi pè mí ní apànìyàn nínú ilé yìí. Wọ́n gún ọmọ mi bí ẹni ń gún aṣọ. Ọkọ mi bi mí bóyá orí mi pé. O sì ń bá mi gbé báàgì!"

Màmá Herminia ní, "Nereida, ọmọ mi, mo…"

"Ẹ dákẹ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n bá èyí sọ̀rọ̀ tán ná." Ó yí ọmọ sí ọyàn kejì. "Mi ò fẹ́ kó o bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ Ẹtì, wàá wá síbí, wàá sọ ọ́ fún obìnrin yẹn, wàá kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, wàá sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn fún gbogbo wọn, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Mo ní mo ti gbọ́. Fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn jáde.

Ọjọ́rú, 29 oṣù kẹta

Mo sọ ọ́. Èmi ni mo tú ìkọ́ ọ̀já náà lójú wọn, ó sì pẹ́, torí mẹ́rìnlélógún ni. Ikùn mi jáde síta.

Wọ́n dárí jì mí kí n tó parí ọ̀rọ̀! Ohun tí mi ò retí nìyẹn. Ìyá kan ní òun náà dì í wá lónìí, òmíràn ní òun ń fi ti òun sùn. Yadira dì mọ́ mi, ó ní, "Ṣebí mo ní irin lo gbé mì!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Kì í ṣe àwọn ni mo ṣẹ̀. Mo tún pariwo ti Nereida lé wọn lórí, mo ní kò febi pa ọmọ torí ẹwà, èmi ni mo pa irọ́ fún un, mo fún un ní ìmọ̀ràn tí èmi alára ò tẹ̀ lé, ó sì gbà mí gbọ́. Nígbà yẹn ni ara wọn tó rọ̀. Yadira wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi náà sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa."

Mo ní, "A jọ sọ ọ́ ni. Mo wà níbẹ̀."

Ẹtì, 31 oṣù kẹta

Obìnrin ìjọba kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n buwọ́ lù ú. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnì kan ló ní kí n wá sọ bẹ́ẹ̀. Kò gbé ọmọ lọ. Ó ní tí ọmọ bá sanra bó ṣe yẹ títí di lẹ́yìn Àjíǹde, òun yóò pa fáìlì dé. Fádà ti tú Nereida sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́ rẹ̀, ó ní aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ kò sí lára àwọn tó ń gbààwẹ̀. Atole wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ń mu ún. Wọn ò bu fún mi.

Priscila ní mi ò ní darí gbọ̀ngàn mọ́. Káàdì ni màá máa kọ ní kílíníìkì títí wọ́n á fi pinnu ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Mo wo ọmọdébìnrin yẹn bí ọ̀daràn, Ofelia. Èmi."

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹrin

Àjíǹde. Òjò. Mi ò lè wo apá ibi tí Nereida àti ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹrin

Nereida ló kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀. Ó ti fọ irun rẹ̀, ó gé e dé èjìká. Priscila wà lórí fóònù, ó juwọ́ pé kí n máa bá a lọ. Mo nawọ́ láti gba ọmọ.

Ó ní, "Rárá. Èmi ni màá gbé e."

Ó tú u síhòòhò fúnra rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí òṣùwọ̀n, ó rántí pé aṣọ náà ní ìwọ̀n, ó yọ ọ́. Ó gbé Fermín lé e. Ọmọ náà na ẹsẹ̀, ó bínú sí òtútù irin, itan rẹ̀ ti ní ìlà. 9 àti ìdá kan nínú mẹ́rin.

Mo ní, "Ó ti…"

Ó ní, "Kọ ọ́ bó o ṣe rí i."

Mo kọ ọ́. Ó dúró tì mí títí mo fi parí. Ó fa káàdì náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á, ó wo òṣùwọ̀n, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ọmọ rẹ̀.